Idì Aládé Inú Igbó Wa

Gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san nínú ìwé ìrántí yìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wàásù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa lórí idì. Mo ní bí idì bá pé ọmọ ọdún 40, a gun orí àpáta lọ, a fọ́ àgógó rẹ̀, a tu èékánná àti ìyẹ́ rẹ̀ dànù, a sì dúró fún oṣù márùn-ún títí gbogbo rẹ̀ yóò fi hù padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kékeré kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni idì náà ń jẹ ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn?" N kò rí èsì fún un.

Mo lọ wádìí. Ìtàn náà kì í ṣe òtítọ́. Ẹyẹ tí kò ní àgógó kò lè jẹun. Ebi ni yóò pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹ́ ẹyẹ ń re, tí òmíràn sì ń hù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà nípa idì igbó tiwa yà mí lẹ́nu ju ìtàn náà lọ.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Stephanoaetus coronatus. Linnaeus ni ó pè é ní aládé ní 1766, nítorí ìyẹ́ orí rẹ̀ tí ń nà ró bí adé. Ó lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 4 lọ, abo sì tóbi ju akọ lọ. Apá rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀. Ìrù rẹ̀ gùn, kí ó lè fò gba àárín igi kọjá. Nínú ewé ni ó ti ń jókòó jẹ́ẹ́, tí yóò sì já lu ọ̀bọ tàbí ẹtu lójijì. Ó lè pa ẹran tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀bọ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Gashaka-Gumti, ọgbà ìtọ́jú ẹranko tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler fi hàn ní 2006 pé igbe tí irú ọ̀bọ kan ń ké fún idì yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ké fún ẹkùn.

Ibi tí ẹ̀ka igi ńlá ti pín sí méjì ni idì yìí ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, ìtẹ́ kan náà ni ó sì ń tún ṣe lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin kan tàbí méjì ni ó ń yé, a sì sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 50. Bí ọmọ méjì bá jáde, ẹ̀gbọ́n a máa pa àbúrò, bí Káínì ti ṣe sí Ábẹ́lì. Èyí tí ó kù yóò lo oṣù mẹ́ta ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti fò, àwọn òbí rẹ̀ yóò tún máa bọ́ ọ fún oṣù 9 sí 11. Nítorí náà, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tọ́ láàárín ọdún méjì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìrẹ̀lẹ̀. Igbó kìjikìji ni ó yí wa ká nígbà èwe wa. A ti gé púpọ̀ nínú igbó ọba tí à ń pè ní Olúwa, a sì gbin igi gmelina tí a ó fi ṣe ìwé sí i. Ọ̀pẹ àti kòkó gba ibòmíràn. Ọ̀bọ àti ẹtu sì ń bá ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Láti 2012 ni àjọ àgbáyé tí ń dáàbò bo ẹ̀dá ti kọ idì aládé mọ́ àwọn tí ewu ìparun súnmọ́. Ọdẹ tí ó bá yìnbọn pa ọmọ idì kan lónìí ti ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní oko bàbá: bí igi àgbà bá ṣẹ́kù níbẹ̀, ẹ dá a sí. Ẹ sì bá àwọn ọdẹ yín sọ̀rọ̀.

Ní ti ìlérí agbára ọ̀tun tí ó wà nínú ìwé Wòlíì Àìsáyà, ó dúró gbọn-in. Kò nílò irọ́ tèmi láti gbé e ró. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ọmọbìnrin yẹn láti béèrè ìbéèrè rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń ka ìwé yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.