Bí A Ṣe Ń Ka Gíga Ilẹ̀ Lójú Ìlà Odò

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ló máa gbé wa débẹ̀.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ lè ti kó jọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, láti òkè odò títí dé ìsàlẹ̀.

Ohun méjì la nílò. Àkọ́kọ́ ni raster, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n pín sí àpótí kéékèèké bíi ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé, tí àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà kan péré nínú. SRTM jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ̀ òfurufú Endeavour ló fi radar wọn gíga ilẹ̀ fún ọjọ́ 11 ní oṣù kejì, ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí rẹ̀ kan sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 30. Èkejì ni ìlà tí a fà sí ojú ọ̀nà tí odò gbà.

Ìlà yìí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú QGIS, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, irinṣẹ́ “Sample raster values” ló ń ka nọ́ńbà inú àpótí, àmọ́ àmì tó-tò-tó nìkan ló ń gbà, kì í gba ìlà. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ ìlà di àmì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yí ìlà yín kúrò ní degree sí mítà. Fún Ìbàdàn, EPSG:32631 ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá yí i, tí ẹ tẹ 30, degree 30 ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí, èyí sì ju kìlómítà 3,000 lọ!

Ìkejì: ẹ lo “Points along geometry”, kí ẹ fi mítà 30 sáàárín àmì kan àti èkejì.

Ìkẹta: ẹ wá lo “Sample raster values” lórí àwọn àmì náà. Àmì kọ̀ọ̀kan á ní gíga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ odò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 30? Bí ẹ bá fi mítà 500 sáàárín, àpótí bíi 16 lẹ ti fò kọjá. Kòtò tí omi ń rọ́ sí, tí àwọn èèyàn kọ́lé sí, lè wà nínú àwọn tí ẹ fò yẹn. Bí ẹ bá sì fi mítà 5, àpótí kan náà lẹ ó máa kà ní bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nọ́ńbà á pọ̀ sí i, ìmọ̀ kò ní pọ̀ sí i.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Radar kì í rí ilẹ̀ nìkan, ó ń rí òrùlé àti orí igi pẹ̀lú. Bí ìlà yín bá sì yà díẹ̀, bèbè odò lẹ máa kà dípò ojú omi. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Bí nọ́ńbà yín bá wá sọ pé odò ń gun òkè, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ pe àwọn sọ̀fíò kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ gọ́tà síbẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí odò àdúgbò yín. Ó dìgbà kan ná.