Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó pọ́ọ́kú jù lè má jẹ́ èyí tó yẹ màmá yín

Ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ la sábà máa ń sọ lójú ìwé yìí, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rò pé mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Tíkẹ́ẹ̀tì ló gbé ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi lọ sókè lọ́dún 2023, èmi gan-an ni mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ England. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, màmá wa sì fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ wọn. Mo ní kí n sìn wọ́n lọ, kí n fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ní lẹ́nu iṣẹ́ ṣe é. Ó ku nǹkan bí oṣù méjì ká gbéra ni mo rí tíkẹ́ẹ̀tì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti London lọ sí ìlú àbúrò mi, tówó rẹ̀ pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ òfúrufú wa yẹ kó balẹ̀ ní ìdájí, ọkọ̀ ojú irin á sì gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ṣírò ẹ̀, mo ní wákàtí mẹ́rin ti tó, yóò tún ṣẹ́ kù. Inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọkọ̀ òfúrufú pẹ́ ní wákàtí méjì kó tó kúrò l'Ékòó. Nígbà tá a débẹ̀, èrò tó tò síwájú àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò gùn bí ìlà epo bẹntiróòlù. Ìgbà tá a fi máa wọ́ ẹrù dé ibùdókọ̀ ojú irin, aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òṣìṣẹ́ tá a fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn wò ó, ó ní ọkọ̀ aago mẹ́wàá nìkan ló wà fún, a ò lè fi wọ òmíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tá a rà lójú ẹsẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ owó kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tá a délé àbúrò mi, mo rí i pé ẹsẹ̀ màmá ti wú. Mo wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ 178/102. Mo bi wọ́n léèrè oògùn wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń wojú mi, wọ́n wá ní: "Ìyá Ìbejì, mi ò lo èyí tó ń múni tọ̀ yẹn láti àná. Ṣebí ìwọ lo sọ pé tá ò bá bá ọkọ̀ yẹn, owó wa ti wọmi. Ṣé ilé ìtọ̀ ni kí n wá máa wá kiri?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́sibítù, mo máa ń rí àwọn àgbàlagbà tó máa ń fo oògùn tó ń lé omi jáde lára lọ́jọ́ ìrìn àjò, kódà bó jẹ́ òde ìyàwó ni wọ́n ń bá lọ láti Ìbàdàn sí Èkó. Mi ò mọ̀ pé èmi náà máa fi tíkẹ́ẹ̀tì lé ìyá mi débẹ̀.

Ohun tí mo wá kọ́ nípa tíkẹ́ẹ̀tì wọn rèé. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021 mọ̀ pé irú àga téèyàn fẹ́ jókòó sí ló ń sọ iye tó máa san. Ní Britain, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ wọkọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, àti bóyá ẹ fẹ́ láǹfààní láti yí èrò yín padà, gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú owó. Èèyàn méjì lè jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìkejì san.

Orúkọ mẹ́ta lẹ máa rí lára tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Advance ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ wákàtí rẹ̀ síbẹ̀ lẹ lè wọ̀. Bí ẹ ò bá lọ mọ́, wọn kì í dá owó padà. Bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀, ó parí nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin mìíràn tó wà nínú ìrìn àjò kan náà ló pẹ́, ìgbà yẹn wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn ò ka ti ọkọ̀ òfúrufú mọ́ ọn. Èyí tó ń jẹ́ Off-Peak wà fún àsìkò tí èrò kò pọ̀, ìyẹn lẹ́yìn táwọn òṣìṣẹ́ bá ti wọṣẹ́ tán láàárọ̀, àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn, ọkọ̀ tó bá wù yín lójú ọ̀nà náà lẹ lè wọ̀. Èyí tó ń jẹ́ Anytime kò ní àkókò tí kò gbà, ìdí nìyẹn tówó rẹ̀ fi ń gun òkè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé lójú ọ̀nà tó pọ̀ jù, owó Off-Peak kì í lọ sókè bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé. Iye tẹ́ ẹ máa rà á ní oṣù kan ṣáájú náà lẹ máa rà á lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé ẹni tó ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfúrufú kó má ra Advance fún ọjọ́ tó balẹ̀. Ẹ débẹ̀ ná, kẹ́ ẹ kó ẹrù yín, kí màmá tọ̀, kí wọ́n mu tíì, kẹ́ ẹ wá ra Off-Peak. Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹbí ní London, ẹ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni Advance dáa, torí ilé lẹ ti ń gbéra, ẹ ò gbára lé ọkọ̀ òfúrufú kankan.

Ẹ tún wo iye ìgbà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ torí pé ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni tíkẹ́ẹ̀tì kan fi pọ́ọ́kú, tí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti ìkejì á sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọmọ ogún ọdún á fò ó. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó tún ń wọ́ àpótí, ó lè ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ sì mọ ohun tí egungun ìbàdí tó kán máa ń fi ojú àgbàlagbà rí. Ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá bíi Euston ní London, ó máa ń ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra kí wọ́n tó kéde pèpéle tó wà, gbogbo èrò á wá dà gììrì. Tí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà bá fi pọ́n-ùn mẹ́wàá wọ́n jù, ẹ san án.

Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lé lórí, Passenger Assist lorúkọ rẹ̀. Ẹ lè béèrè fún un tó bá ku wákàtí méjì kí ọkọ̀ gbéra. Òṣìṣẹ́ á wá bá yín, á ti àgbàlagbà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ bó bá nílò rẹ̀, á gbé e dénú ọkọ̀, ẹlòmíràn á sì dúró dè é níbi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń kọ̀ ọ́. Wọ́n á ní àwọn kì í ṣe arọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, kò dìgbà téèyàn bá yarọ kó tó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́rù. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ àga tó sún mọ́ ilé ìtọ̀, kó sì jẹ́ èyí tó wà létí ọ̀nà. Bí màmá bá ti mọ̀ pé ilé ìtọ̀ ò jìnnà, wọ́n á lo oògùn wọn. Ẹ lè bi dókítà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé bóyá wákàtí tí wọ́n ń lò ó ṣeé sún síwájú díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má dá a fò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún lè ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Senior Railcard. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ọmọ ìlú wọn, páásípọ́ọ̀tù tó fi ọjọ́ orí hàn ti tó, wọ́n sì ń tà á ní ibùdókọ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, 35 pọ́n-ùn ni wọ́n ń tà á fún ọdún kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń yọ. Ìyẹn ni pé bí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa rà ò bá ju 105 pọ́n-ùn lọ, káàdì náà ò lérè kankan. Tọkọtaya tó ń rìn pọ̀ lè ra ẹyọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Two Together, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ tó lù láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ibi tó ti lérè fún yín jù nìyí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó, méjì lè tẹ̀ lé àgbà kan, àmọ́ ẹ gbé wọn lé ẹsẹ̀ bí ọkọ̀ bá kún. Láti ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlàjì owó ni wọ́n ń san. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti di àgbà lójú wọn, kódà bó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ wo káàdì Family & Friends, 35 pọ́n-ùn lòun náà. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbà, ó sì ń yọ 60 nínú 100 fún ọmọdé. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì àgbà jẹ́ 60 pọ́n-ùn, tí ti ọmọdé jẹ́ 30. Ìyá kan àti ọmọ méjì á san 120. Pẹ̀lú káàdì yìí, ìyá á san 40, ọmọ kọ̀ọ̀kan á san 12, gbogbo ẹ̀ á di 64. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ti gba owó káàdì padà, ó sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ o, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, òun àti ti àwọn àgbàlagbà máa ń ní àsìkò tí wọn ò ṣiṣẹ́ ní agbègbè London.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún máa ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́dìn-ínwó, wọ́n á wá gbàgbé pé inú fóònù tiwọn ni káàdì wà. Bí olùyẹ̀wò bá dé, tí màmá ò rí káàdì fi hàn, bí ẹni tí kò sanwó ni wọ́n ṣe máa mú wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó ìtanràn ní England jẹ́ 100 pọ́n-ùn, wọ́n á tún san owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21, á di 50. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì sórí bébà, kẹ́ ẹ sì ra káàdì tó ṣeé fi sínú pọ́ọ̀sì. Fóònù tí iná rẹ̀ kú kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti pápákọ̀ òfúrufú Heathrow wọ ìgboro London, Heathrow Express ló yá jù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àmọ́ òun náà ló wọ́n jù. Piccadilly ló pọ́ọ́kú jù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, inú rẹ̀ sì há. Fún àgbàlagbà tó lẹ́rù, Elizabeth line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 ni mo máa ń yàn, torí gbogbo ibùdó rẹ̀ ló ní ọ̀nà tí kò gba àtẹ̀gùn láti ojú títì dé pèpéle. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sanwó lórí rẹ̀ bó bá wà pẹ̀lú àgbà. Káàdì tí àwọn arúgbó London fi ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń gbébẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe àlejò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kàn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo Paris fún ọjọ́ méjì, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Físà ilẹ̀ Britain ò wọ ilẹ̀ Faransé. Físà Schengen ni wọ́n máa béèrè, London níbẹ̀ ni wọ́n sì ti máa dá yín padà.

Ọkọ̀ òfúrufú wákàtí mẹ́fà, ká tún wá jókòó wákàtí méjì tàbí mẹ́rin sínú ọkọ̀ ojú irin, ìjókòó yẹn ti pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀. Ẹ dìde rìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa mi ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dùn, ẹ wá ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá wá ń hán, tàbí tí àyà ń dùn, 999 ni kẹ́ ẹ pè. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ má gbára lé èyí tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀.

Màmá tún lọ lọ́dún 2025. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi la sùn mọ́jú ní London. Ọkọ̀ aago méjìlá ọ̀sán la wọ̀, tààrà ni, àga wọn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ilé ìtọ̀. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín tá a gbé dání, wọ́n sì ń bá obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ wọn. Nígbà tá a délé àbúrò mi, mo fa ẹ̀rọ ìfúnpá yọ kí wọ́n tó tú gèlè. 136/84 ni.