Ìràwọ̀ ìbejì: Bí àwọn tó ń wo ojú ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé ṣe ń bá sáyẹ́ǹsì wọn ìràwọ̀

Tí o bá dúró síta lálẹ́ ní Èkó, Cotonou tàbí Accra láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, tí o sì kọjú sí gúúsù, wàá rí ìràwọ̀ kan tó ń tàn yòò nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú.

Alpha Centauri ni orúkọ rẹ̀. Lójú lásán, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Àmọ́ tẹlisíkóòpù kékeré tí awò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 yóò fi hàn ọ́ pé ìbejì ni: ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po.

Kárí ayé, àwọn èèyàn kan wà tí irú ìràwọ̀ báyìí ti wọ̀ lọ́kàn. Wọn kì í gbowó oṣù fún un. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ oòjọ́ wọn dé, wọn á gbé tẹlisíkóòpù sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á wọn ìràwọ̀ méjì, wọn á sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Wọn kì í ṣe awòràwọ̀ tó ń sọ kádàrá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń ṣe, àwọn onímọ̀ ńláńlá sì ń lo ohun tí wọ́n bá kọ.

Kí ni ìràwọ̀ ìbejì?

Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìbejì tòótọ́, níbi tí òòfà ti so ìràwọ̀ méjì pọ̀, tí ìkínní ò sì lè fi ìkejì sílẹ̀ lọ.

Ìkejì jẹ́ ẹ̀tàn ojú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí àtùpà méjì tó jọ wà papọ̀ lálẹ́, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan wà ní ìloro aládùúgbò, tí èkejì sì wà ní òdìkejì odò.

Ọ̀nà kan tí èèyàn fi lè mọ ìyàtọ̀ ni pé kó máa wọ̀n wọ́n léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àlùdùùrù àti akọ̀wé ilé ẹjọ́

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wọn.

William Herschel ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1779 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìràwọ̀ méjì-méjì pẹ̀lú tẹlisíkóòpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ọdún 1782, ó ti kó 269 jọ sínú ìwé.

Ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí wa tó. Ohun mìíràn ló rí. Nígbà tó padà wọn àwọn kan nínú wọn ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ti sún kúrò níbi tí wọ́n wà. Ní ọdún 1803, ó kéde pé ṣe ni wọ́n ń yí ara wọn po.

Ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ni Sherburne Wesley Burnham. Tẹlisíkóòpù tí awò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ló gbé sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìwé àkójọ tó gbé jáde ní ọdún 1906 ní ìràwọ̀ ìbejì 13,665 nínú.

Ipa ilẹ̀ Áfíríkà

Ní ọdún 1685, àwọn àlùfáà Jesuit kan tó ń ti Faransé lọ sí Siam, tó ń jẹ́ Thailand báyìí, dúró ní Cape ní gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé Acrux, tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ àgbélébùú náà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Robert Innes dé. Oníṣòwò ọtí wáìnì ni ní Sydney, ní Australia, tó ń wá ìràwọ̀ ìbejì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1896, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Cape. Nígbà tó di ọdún 1903, wọ́n fi í ṣe olórí èyí tó wà ní Johannesburg.

Láti Johannesburg ló ti ṣàwárí Proxima Centauri ní ọdún 1915, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Ìyẹn ni ìkẹta àwọn ìbejì Alpha Centauri, bí ìgbà tí Ìdòwú bá dé lẹ́yìn Táyé àti Kẹ́hìndé.

Àmọ́ ìlú ń gbòòrò, iná mànàmáná sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1972, wọ́n da ilé ìwòràwọ̀ Johannesburg pọ̀ mọ́ ti Cape, wọ́n sì kó iṣẹ́ lọ sí Sutherland, ní aṣálẹ̀ Karoo. Tẹlisíkóòpù ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ìbejì kò bá wọn lọ. Johannesburg ló wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Nǹkan méjì ni wọ́n ń wá: àlàfo tó wà láàárín ìràwọ̀ méjèèjì, àti ìhà tí èyí tó kéré wà sí èyí tó tóbi.

Àlàfo yìí kéré gan-an. Tí o bá gbé owó ẹyọ kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí ọ̀nà tó jìn tó kìlómítà 5, bó ṣe máa rí lójú rẹ ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní arcsecond kan. Ní ọdún 2016, nǹkan bíi 4 irú rẹ̀ ló wà láàárín ìbejì Alpha Centauri. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jìnnà síra.

Àwọn kan ń lo awò tí wọ́n fa ìlà wíwọ̀n sí nínú. Àwọn mìíràn ń lo kámẹ́rà tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán kíákíá, kí kọ̀ǹpútà lè ṣa èyí tí afẹ́fẹ́ kò gbọ̀n rú.

Ilé iṣẹ́ ìwòràwọ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú àkójọ gbogbo rẹ̀, tó ń jẹ́ Washington Double Star Catalog. Ìràwọ̀ ìbejì tó wà níbẹ̀ lé ní 150,000. Àwọn kan wà nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Kí ni ìwúlò rẹ̀?

Kò sí òṣùwọ̀n ọjà tí èèyàn lè gbé ìràwọ̀ lé. Àmọ́ tí a bá mọ iye ọdún tí ìbejì fi ń yí ara wọn po, tí a sì mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra, òòfà yóò sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Ìwúwo ìràwọ̀ ló sì ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ láyé tó, àti bí yóò ṣe kú.

Ṣé sátẹ́láìtì kò ti gba iṣẹ́ wọn?

Sátẹ́láìtì Gaia tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní ọdún 2013 wọn ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan kó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 2025. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ń ṣe é ní wàhálà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá péré ló fi ṣiṣẹ́. Àwọn ìbejì kan ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan.

Alpha Centauri ń lo nǹkan bí 80 ọdún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lọ́mọdé yóò ti di arúgbó kí wọ́n tó padà síbi tó ti kọ́kọ́ bá wọn. Fún èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ẹnì kan ò lè dá a wò parí. Ohun tí Herschel kọ ni Burnham bá nílẹ̀, ohun tí ẹnì kan bá sì kọ lálẹ́ òní ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ẹni tí wọn ò tíì bí yóò fi parí ìṣirò náà.