Olùkọ́ Tó Wà ní Jàmáíkà, Kó Yà Kí Àwọn Ará Ilé ní Kúbà



Ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó kàwé, olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì, ń fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ nílẹ̀ Áfíríkà mìíràn, Káríbíánì àti Pàsífíìkì. Jàmáíkà wà lára wọn.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, tí iléèwé bá gba ọlidé Kérésì, kó mọ̀ pé Kúbà ni aládùúgbò rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 145 síra wọn. Ibẹ̀ ni kó lọ. Ní 17 Oṣù Kejìlá, èrò a máa wọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana nítorí Ọbalúayé. Ẹlòmíì a fi orúnkún rìn san ẹ̀jẹ́. Wọ́n fi Lásárù Mímọ́ bo òrìṣà náà lójú òyìnbó. Bọ́dún bá yí, àwọn babaláwo ibẹ̀ a pàdé, wọn a dá Ifá ọdún fún ìlú.

Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ nílé, àmọ́ èdè wa ni wọ́n fi ń kí òrìṣà. Ohùn ti yí díẹ̀. Olùkọ́ lè fẹ́ tún un ṣe. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹrú ni wọ́n ti pa á mọ́. Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Ọmọ wa ń tijú àtiso ìdè Ifá lọ síléèwé. Kí olùkọ́ jókòó, kó gbọ́, kó padà wá sọ fún wọn.

Àṣẹ.