Bí A Ṣe Ń De Àtẹ̀gùn àti Irin Ààbò Mọ́ Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀

ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé kíkún lórí bí a ṣe ń de àtẹ̀gùn àti irin ààbò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà oko.

Ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́

Àròkọ alálàyé ni ìbéèrè yìí ń fẹ́. Kì í ṣe ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àríyànjiyàn. Iṣẹ́ yín ni láti mú kí ẹni tí kò mọ nǹkan náà rí mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá ka àròkọ yín tán. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti ìdí tí a fi ń ṣe é, kí ẹ tó sọ bí a ṣe ń ṣe é ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tí ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ láìsọ ìdí wọn. Bí ẹ bá ní kí a yọ wáyà bátìrì, ẹ sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá yọ ọ́.

Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: irú ọ̀nà tí ó mú kí nǹkan wọ̀nyí wúlò
2. Egungun ọkọ̀ àti awọ ọkọ̀
3. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àtẹ̀gùn àti irin ààbò
4. Ìmúrasílẹ̀
5. Bí a ṣe ń dè wọ́n
6. Ìdánwò, ìtọ́jú àti ìkìlọ̀
7. Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ọ̀nà ọlọ́dà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá yìí sínú oko, tàbí tí ó bá forí lé apá Ìkòyí-Ilé àti Ìgbẹ̀tì, yóò rí i pé ọ̀nà ju ọ̀nà lọ. Àpáta a máa yọ orí láàrin ọ̀nà, àgbàrá òjò a sì máa la ilẹ̀ sí kòtò. Apá ibẹ̀ yìí kan náà ni Old Oyo National Park wà, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1991, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin. Àgbẹ̀, oníṣòwò iṣu, oníṣẹ́ ìlera àti àwọn aṣọ́gbà, ọkọ̀ gíga ni gbogbo wọn nílò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gíga ọkọ̀ náà ni ó sì bí ìṣòro kejì: arúgbó àti aboyún kò lè gùn ún wẹ́rẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí táyà kan bá bọ́ sínú kòtò, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni àpáta máa ń kọ́kọ́ bá. Nítorí ìṣòro méjèèjì yìí ni a fi ń de àtẹ̀gùn àti irin ààbò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Kí a tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọkọ̀ ní egungun, ó sì ní awọ. Egungun rẹ̀ ni ṣásí, èyí tí í ṣe irin gbọọrọ méjì tí ó nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí irin kéékèèké so pọ̀ mọ́ra wọn. Òun ni ó gbé ẹ́ńjìnnì, ẹrù àti èrò. Awọ ọkọ̀ ni páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a kùn ní ọ̀dà, tí a so ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn tí ń ṣe ìlù ní Ọ̀yọ́ mọ̀ pé awọ ni ń dún, ṣùgbọ́n igi ni ó gbé awọ dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ rí. Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà Bedford gbòde ní ilẹ̀ wa, ṣásí àti ẹ́ńjìnnì ni a ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn káfíńtà wa ni ń fi pákó kọ́ ilé ọkọ̀ lé e lórí. Land Rover tí ó jáde ní 1948 náà ní ṣásí irin, páànù alumíníọ̀mù sì ni a fi bo ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ gíga ni ó ní ṣásí ọ̀tọ̀. Toyota Hilux àti Land Cruiser ní in, ṣùgbọ́n Toyota RAV4 àti Honda CR-V kò ní in; ara àti egungun wọn ti di ọ̀kan. Orúkọ nìkan kò sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Land Rover Defender ti àtijọ́, tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 2016, ní ṣásí ọ̀tọ̀. Defender tuntun tí ó jáde ní 2019 kò ní in mọ́. Nítorí náà, kí a wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó kí a tó ná kọ́bọ̀. Ọkọ̀ tí ó ní ṣásí ni àlàyé yìí wà fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ohun kan náà ni àtẹ̀gùn àti irin ààbò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni àtẹ̀gùn wà fún. Ènìyàn tí ó wọn 70 kílò ni ó ń gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni náà ti wọlé. Irin ààbò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2, kí a tó di ẹrù lé e. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ lé orí àpáta, irin ààbò ni yóò gba ìlù náà, tí ọkọ̀ yóò sì yọ̀ lórí àpáta kọjá bí ìgbà tí a ń fa ọkọ̀ ojú omi gun èbúté. Irin ààbò tí ó dára lè ṣiṣẹ́ àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn lásán kò lè ṣiṣẹ́ irin ààbò. Kódà, nítorí pé àtẹ̀gùn máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, òun gan-an ni àpáta yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni tí ó bá ń rin ìgboro nìkan lè ra àtẹ̀gùn. Ẹni tí ń lọ sí ọ̀nà olókùúta kò gbọdọ̀ gbára lé e.

Irú irin tí a ó lò ṣe pàtàkì. Páìpù irin tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3 ni ó yẹ fún irin ààbò. Àwọn kan a máa lo páìpù omi nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà. Èyí kò dára fún ìdí méjì. Èkíní, kì í ṣe fún gbígbé ẹrù ni a ṣe é. Èkejì, síńkì ni a fi bo páìpù omi kí ó má baà dógùn-ún, èéfín síńkì yìí sì máa ń fa ibà àti ọ̀fìnkìn àyà fún wẹ́dà tí ó bá fà á símú.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le, kí a fi igi dí táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bí a bá fi jáàkì gbé e sókè, kí a ki ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára sábẹ́ ṣásí kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan lè yẹ̀ nígbàkigbà. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ibi tí páìpù bíréèkì, páìpù epo àti wáyà gbà kọjá lára ṣásí. Ẹni tí ó bá fi dírìlì lu páìpù bíréèkì lè má mọ̀ títí yóò fi tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà. Bí a óò bá jó irin, kí a yọ wáyà bátìrì, nítorí iná tí wẹ́dà ń lò lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òde òní jẹ́. Kí a gbé táǹkì epo jìnnà sí iná bí ó bá súnmọ́ ibi iṣẹ́, kí ohun apaná sì wà nítòsí.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń so irin ààbò mọ́ ṣásí: kí a fi bóòtù dè é, tàbí kí a jó o mọ́ ọn. Ti bóòtù ni ó rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí a lè tú u bí ó bá tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣásí ni iléeṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ti lu ihò sí. Ihò wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, kí a má ṣe lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ ṣásí, torí pé etí méjèèjì yìí ni ó ń gba ìnira jù nígbà tí ẹrù bá wúwo. Kí irin kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan lẹ́yìn.

Kí ẹni méjì gbé irin náà sókè sí àyè rẹ̀, kí ẹnì kẹta ki bóòtù, wáṣà àti nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán dè wọ́n. Bí a bá fún ẹsẹ̀ iwájú pinpin kí tẹ̀yìn tó wọlé, ihò tẹ̀yìn lè má ṣe rẹ́gí mọ́. Nígbà tí gbogbo bóòtù bá ti wọlé tán ni kí a tó fi sípánà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àlàfo tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 wà láàrin irin àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìdí rẹ̀ ni pé orí rọ́bà ni ara ọkọ̀ jókòó lé lórí ṣásí, ó sì máa ń mì. Bí kò bá sí àlàfo, irin yóò máa gún páànù ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Bí ó bá jẹ́ jíjó ni, kí wẹ́dà há ọ̀dà àti ìdọ̀tí kúrò títí irin yóò fi funfun. Kí ó kọ́kọ́ jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ara ṣásí, kí ó tó jó ẹsẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ náà, kí ẹrù lè tàn ká. Kí ó jó o gba òòró ṣásí, kí ó má ṣe jó o ní ìbú láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ojú ibi tí iná bá gbà kọjá ní ìbú ni ṣásí ti sábà máa ń ya. Bí irin bá tutù, kí a kùn ún ní ọ̀dà lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe: a kò gbọdọ̀ so àtẹ̀gùn tàbí irin ààbò mọ́ páànù ara ọkọ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí a bá kùn ún tán, ojú lásán kò lè fi í mọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọjọ́ tí ìyá arúgbó bá gbé ẹsẹ̀ lé e pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ni páànù yóò ya, tí ìyá náà yóò sì fi ìbàdí lélẹ̀.

Láti dán iṣẹ́ wò, kí a gbé jáàkì sí abẹ́ irin ààbò láàrin gbùngbùn, kí a gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi fẹ́ kúrò nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Bí irin kò bá tẹ̀, tí kò kan páànù, tí ilẹ̀kùn sì ń ṣí tí ó ń tì bí ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà dára. Lẹ́yìn ìrìn 100 kìlómítà, kí a tún fi sípánà fún bóòtù, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà a máa tú wọn. Ní ìgbà òjò, kí a máa fọ ẹrẹ̀ kúrò láàrin irin àti ṣásí, torí pé ẹrẹ̀ ni ó ń gbá omi mọ́ra tí irin fi ń dógùn-ún.

Kí a sì rántí pé irin méjèèjì lè wúwo tó 50 kílò, bí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹrù yẹn ni kí a yọ kúrò nínú ohun tí a óò kó sẹ́yìn ọkọ̀. Bákan náà, àtẹ̀gùn kì í ṣe àga. Kọ́ńdọ́ tàbí èrò tí ó dúró lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, tí ìjọba àpapọ̀ sì dá FRSC sílẹ̀ ní 1988: kí ẹ̀mí má baà máa ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ní ìkádìí, mo ti ṣàlàyé ohun tí àtẹ̀gùn àti irin ààbò jẹ́, ìyàtọ̀ wọn, bí a ṣe ń dè wọ́n àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ohun kan ṣoṣo: ibi tí ẹrù bá wà, kí egungun wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sanwó fún wẹ́dà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá rí i pé ṣásí ni ẹsẹ̀ irin náà dì mú, kí ó sanwó. Bí ó bá jẹ́ páànù ni, kí ó ní kí wọ́n tú u.

Àkíyèsí

Ẹ wò ó bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ní kókó kan, tí ìdí sì tẹ̀lé ìgbésẹ̀. Òwe méjì péré ni ó wà níbẹ̀, àyè wọn sì bá wọn mu. Òwe tí kò bá ran àlàyé lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lo orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pe irinṣẹ́ wọn, bíi jáàkì, sípánà àti bóòtù.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ alálàyé lórí (a) bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà tí ó jò lójú ọ̀nà, (b) bí a ṣe ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ kí ó má baà dà nù.