Bí FEMA Bá Ní Kí Ẹ Dá Owó Ìrànwọ́ Ilé Padà

Lẹ́yìn tí ìjì Harvey da òjò bo Houston àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ìdílé ni FEMA fún lówó láti fi gba ilé tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí, tàbí láti fi tún ilé tí omi bà jẹ́ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà mìíràn wá ń wọlé fún àwọn kan. Lẹ́tà náà ní owó tí wọ́n gbà ju èyí tó tọ́ sí wọn lọ, kí wọ́n dá a padà.

Ìpayà ni lẹ́tà yìí máa ń kó bá ènìyàn. Ẹnì kan á fi í pamọ́, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹlòmíràn á fẹ́ kó owó àjọ rẹ̀ san án lọ́jọ́ náà gan-an kí ìtìjú má bàa bá a. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe èkíní, ẹ má sì ṣe èkejì kí ẹ tó ka ìwé yìí tán. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́.

Kí ni lẹ́tà náà túmọ̀ sí?

Orúkọ tó máa ń wà lórí rẹ̀ ni Notice of Potential Debt. Ohun tó ń sọ ni pé FEMA rò pé ó ṣeé ṣe kí ẹ jẹ òun lówó. Kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́, kò sì sọ pé olè ni yín. Iye tí wọ́n ń béèrè àti ìdí tí wọ́n fi ń béèrè á wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ tí ẹ ní láti fèsì.

Ẹ má ṣe pò ó mọ́ owó SBA. Owó tí SBA yá ènìyàn láti fi tún ilé ṣe, gbèsè ni láti ọjọ́ kìíní, a ó sì máa san án pẹ̀lú èlé bí àdéhùn bá ṣe wí. Owó ilé tí FEMA fúnni kì í ṣe owó yíyá. A kì í dá a padà àfi bí ìdí kan pàtó bá wà.

Àwọn ìdí tí FEMA fi máa ń béèrè owó padà

Èkíní, owó méjì wọlé fún ohun kan náà. Òfin Stafford ti ọdún 1988, tó wà nídìí ìrànwọ́ àjálù ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí inṣọ́ránsì àti FEMA jọ sanwó fún ìbàjẹ́ kan náà. Nígbà tí FEMA ń sanwó, owó inṣọ́ránsì lè má tíì jáde. Bó bá jáde lẹ́yìn náà, FEMA á ní kí a dá tòun padà.

Èkejì, ènìyàn méjì béèrè láti inú ilé kan. Lójú FEMA, àwọn tó ń gbé pọ̀ bí ìdílé kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n, àbúrò ìyàwó, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé lè jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí baálé bá béèrè, tí àbúrò náà tún fi àdírẹ́sì kan náà béèrè, FEMA lè kà á sí owó tó lé. Ṣùgbọ́n bí àbúrò náà bá jẹ́ ayálégbé tó ń san owó yàrá tirẹ̀, ó lè jẹ́ agboolé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé àdéhùn tàbí ẹ̀rí owó yàrá tó ń san ni yóò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta, FEMA ní ilé náà kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé gan-an. Ilé tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé kò sí nínú ètò yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sìnkú òbí ní Nàìjíríà lọ́jọ́ tí omi dé, ilé tí ẹ ń gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ṣì ni ilé yín. Bíìlì iná àti omi, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àti ìwé ilé ìfowópamọ́ tí àdírẹ́sì náà wà lórí wọn lè fi í hàn.

Ẹ̀kẹrin, a ná owó náà sórí ohun mìíràn. Owó tí FEMA ní kí a fi gba ilé, a kò gbọ́dọ̀ fi san gbèsè ọkọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sílé, bó ti wù kí àìní ilé le tó. Ìdí nìyẹn tí FEMA fi ní kí a tọ́jú rìsíìtì fún ọdún 3.

Ẹ̀karùn-ún, FEMA fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe: ó san owó kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ó sanwó fún ẹni tí kò tọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: owó wo ló wà fún kí ni?

Bí lẹ́tà bá sọ pé owó méjì wọlé fún ohun kan náà, ẹ má kàn gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ mọ̀ pé inṣọ́ránsì san nǹkan. Ẹ yẹ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún wò.

Ká sọ pé FEMA fún ìdílé kan ní $8,000 láti tún ògiri àti ilẹ̀ ilé ṣe, ó tún fún wọn ní $2,400 láti fi gba ilé fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, inṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP san $30,000 fún àtúnṣe ilé náà. Lẹ́tà wá dé, ó ní kí wọ́n dá $10,400 padà. Ó ṣeé ṣe kí FEMA tọ̀nà lórí $8,000, nítorí ògiri kan náà ni owó méjèèjì wà fún. Ṣùgbọ́n inṣọ́ránsì NFIP kì í san owó ibi tí ènìyàn ń gbé nígbà tí ilé rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà $2,400 ti owó ilé gbígbà kò bá owó inṣọ́ránsì náà pàdé níbì kankan. Ìdílé yìí lè gba apá kan, kí wọ́n sì jà fún apá kejì.

Bí ó bá jẹ́ inṣọ́ránsì aládàáni ló san owó fún ibùgbé ìgbà díẹ̀ ní oṣù kan náà tí FEMA san tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ìwé tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n sanwó ni yóò là á. Bí ẹ kò bá ní in mọ́, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bákan náà ni owó tí ẹ gbà lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ, aṣọ àti ìbùsùn tí a fún yín kì í ṣe owó ilé. Bí FEMA bá béèrè nípa ìrànwọ́ wa, a ó kọ ìwé fún yín tí yóò sọ ohun tí a fún yín, ọjọ́ tí a fún yín, àti ohun tó wà fún.

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa

Ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí FEMA. Ọjọ́ tí a tẹ̀ sórí lẹ́tà ni a ti ń ka 60 náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí omi lé kúrò nílé ti ń ṣubú. Lẹ́tà lọ sí ilé tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, nígbà tó bá sì fi dé ọwọ́ wọn, ọjọ́ ti lọ. Bí ẹ bá ti kó kúrò níbi tí FEMA mọ̀, ẹ pè wọ́n ní 1-800-621-3362 kí ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ yan ẹni kan tí yóò máa ṣí lẹ́tà yín.

Ohun mẹ́rin tí ẹ lè ṣe

1. Ẹ lè san án tán. Bí ẹ bá gbà pé owó náà lé lóòótọ́, tí agbára sì wà, sísan án tán láàárín ọjọ́ 30 kò ní jẹ́ kí ẹ san èlé.

2. Ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. FEMA á béèrè iye tó ń wọlé fún yín àti iye tó ń jáde. Ẹ má ṣèlérí iye tí ọwọ́ yín kò ká.

3. Ẹ lè ní kí wọ́n dín gbèsè náà kù nítorí pé agbára yín kò gbé e. Èyí náà ń fẹ́ ẹ̀rí: owó iṣẹ́, owó ilé, owó oògùn, àwọn ọmọ tí ẹ ń bọ́.

4. Ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí ẹ kò bá gbà pé ẹ jẹ gbèsè náà, tàbí bí iye rẹ̀ kò bá tọ̀nà.

Bí a ṣe ń kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn

Ìwé náà kò ní láti gùn, kò sì ní láti jẹ́ èdè lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, àdírẹ́sì ilé tí omi bà jẹ́ àti ti ibi tí ẹ wà báyìí, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ FEMA yín, àti nọ́ńbà àjálù náà. Ti Harvey ní Texas ni 4332. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ gbangba: “Mi ò gbà pé mo jẹ gbèsè yìí, ìdí mi nìyí.” Ẹ dáhùn ìdí tí lẹ́tà náà sọ gan-an. Bí lẹ́tà bá ń sọ nípa inṣọ́ránsì, ìtàn bí omi ṣe wọlé kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ìwé inṣọ́ránsì ni yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí sí i, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé lè tú ká lọ́wọ́ wọn. Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́. Ẹ lè fi ìwé béèrè ẹ̀dà fáìlì yín lọ́dọ̀ FEMA, kí ẹ rí ohun tí wọ́n rí. Ẹ tún lè béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìwé nìkan kò lè yanjú. Bí ọmọ yín tàbí ẹlòmíràn yóò bá ṣojú fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fún un láṣẹ, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.

Òfin ọdún 2018 tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2018, òfin kan jáde tó ń jẹ́ Disaster Recovery Reform Act. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ fún yín. Àkọ́kọ́, FEMA lè fagi lé gbèsè bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe tirẹ̀ ló mú owó náà jáde, tí ẹni tó gbà á kò jẹ̀bi, tí gbígbà á padà kò sì ní bá ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn mu. Ìkejì, bí kò bá sí ẹ̀rí jìbìtì, FEMA kò lè gba owó náà padà bí ó bá ti lé ní ọdún 3 tí owó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí wọ́n tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí owó wọ báńkì yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kàn yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ má retí pé wọn yóò rántí rẹ̀ fún yín.

Bí a bá dákẹ́ ńkọ́?

Láti kékeré la ti ń pẹ́ka ìrókò. Gbèsè tí a kò fèsì sí á máa fa èlé. Bí kò bá sí ìdáhùn fún 120 ọjọ́ lẹ́yìn tí àkókò sísan ti kọjá, FEMA á gbé e fún ilé ìṣúra ìjọba àpapọ̀, tí yóò fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè mú owó orí tó yẹ kí a dá padà fún yín, wọ́n sì lè mú lára owó Social Security àwọn àgbàlagbà. Ẹni tí kò ní owó rárá ló yẹ kó tètè fèsì jù.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀

Òṣìṣẹ́ FEMA kankan kì í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í ní kí a ra káàdì ẹ̀bùn, wọn kì í sì ní kí a fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan. Bí ẹnìkan bá pè yín pé òun yóò bá yín pa gbèsè rẹ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀nà tí a kọ sínú lẹ́tà nìkan ni kí ẹ fi sanwó.

Bí lẹ́tà kò bá tíì dé

Bí ẹ bá rí i fúnra yín pé owó kan wọlé tí kò yẹ kó wọlé, ẹ má ná an. Ẹ pe FEMA, ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe lè dá a padà, kí ẹ kọ ìwé tó sọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Ó sàn kí owó tí a kò ná padà síbi tó ti wá ju kí a máa wá owó tí a ti ná lẹ́yìn ọdún méjì.

Ohun tí ẹ ó mú wá bá wa

Bí ẹ bá fẹ́ kí a jọ ka lẹ́tà yín ní Yorùbá, ẹ mú lẹ́tà náà wá pẹ̀lú àpòòwé rẹ̀, gbogbo lẹ́tà FEMA tó kù lọ́wọ́ yín, ìwé inṣọ́ránsì, ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì. Rìsíìtì tí omi ti pa rẹ́ díẹ̀ náà wúlò. A kì í gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ bá sọ fún wa kò sì ní jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wa, bí àpẹẹrẹ bí lẹ́tà bá dárúkọ jìbìtì, a ó darí yín sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò Lone Star Legal Aid, tí ń ran àwọn tí owó wọn kò tó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́ta. Bí lẹ́tà bá ti wọlé, ẹ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ náà.