Ìperí fún Ìsúnwèé lórí Pátákó Ìfọwọ́kàn Kọ̀ǹpútà

Pátákó pẹlẹbẹ kan máa ń wà nísàlẹ̀ àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lára kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìka ni ènìyàn fi ń darí kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé pè ní pátákó ìfọwọ́kàn. Bí ìwé tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà bá gùn ju àyè tí ó wà lọ, orí pátákó yìí ni ènìyàn ti ń fa ìka kí apá tí ó fara sin lè hàn. Kí ni ó yẹ kí iṣẹ́ yìí máa jẹ́ ní èdè Yorùbá? Ìdáhùn kò lè tọ̀nà àfi bí olùtumọ̀ bá kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

1. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Lórí Linux, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò irú Unix, libinput ni ó sábà máa ń túmọ̀ ìrìn ìka fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó mọ̀: fífa ìka méjì pọ̀, fífa ìka kan ní etí pátákó, àti dídi bọ́tìnnì kan mú. Ọ̀kan ṣoṣo ní ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí pátákó bá lè dá ìka méjì mọ̀, ti ìka méjì ni libinput ń yàn; bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a yan ti etí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń fa ìka ní etí tí ìwé kò sì mì, kì í ṣe dandan kí pátákó ti bàjẹ́.

Níbi tí X bá ti ń darí ojú kọ̀ǹpútà, àṣẹ xinput list yóò fi orúkọ pátákó hàn. Lẹ́yìn náà ni òǹlò yóò tẹ:

xinput set-prop "orúkọ pátákó" "libinput Scroll Method Enabled" 0 1 0

Nọ́ńbà mẹ́ta yìí dúró fún ìka méjì, etí àti bọ́tìnnì, ní títẹ̀léra; 1 ni ó ń tan ọ̀nà tí a fẹ́. Bí X bá kú, àṣẹ náà kú. Kí ó lè dúró pẹ́, inú fáìlì kan ní /etc/X11/xorg.conf.d/ ni wọ́n ń kọ Option "ScrollMethod" "edge" sí. Níbi tí Wayland bá ti rọ́pò X, inú ààtò ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni àtúnṣe yìí wà.

2. Ìhà tí ìwé ń kọrí sí

Ní ìlànà àtijọ́, bí ìka bá lọ sísàlẹ̀, ìwé a lọ sókè. Ní 2011, Apple sọ òdìkejì rẹ̀ di ìlànà Mac OS X Lion: ibi tí ìka bá lọ ni ìwé ń bá a lọ. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un pè é ní ti àdámọ́, libinput náà sì ń lo orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n àdámọ́ kò sọ ohun tí ojú yóò rí. Ìlànà tí ènìyàn fi kọ́ṣẹ́ ni ó máa ń dà bí àdámọ́ lójú rẹ̀. Ìsúnwèé atẹ̀lé-ìka àti ìsúnwèé alòdì-sí-ìka ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe

Ká kò bá a mu: kò sí ohun tí ó ń ká, ohùn kan ṣoṣo ni ó sì ya ìwé kíká sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé kíkà. Yí ojú-ìwé túmọ̀ sí kí ènìyàn ṣí ojú-ìwé mìíràn. Wọ́ yẹ fún gbígbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn lójú kọ̀ǹpútà. Sún ni ó kù: ó ń gba sókè, sísàlẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn láìṣègbè. Bí rí ìwé ti ń di ríwèé, bẹ́ẹ̀ ni sún ìwé ń di súnwèé. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sì sọ ọ́ di ìsúnwèé.

4. Ìlò nínú ìtọ́ni

Ibí ni ewu wà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní kí òǹlò lọ sísàlẹ̀, òkè ni ìwé ń lọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "sún ìwé sísàlẹ̀" ti dárí akẹ́kọ̀ọ́ sí òdì. Ibi tí ó yẹ kí ojú dé ni kí ìtọ́ni sọ: "súnwèé títí ìparí rẹ̀ yóò fi hàn." Gbólóhùn yìí kò ní tàn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, ìlànà yòówù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ìbáà máa tẹ̀lé.